Ẹ yọ òjé kúrò nínú ilé kó tó wọ ọpọlọ ọmọ yín

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí tìróò, torí ibẹ̀ ló dùn mí jù. Màmá mi lé tìróò fún gbogbo wa nígbà tá a wà lọ́mọ ọwọ́, èmi náà lé e fún àkọ́bí mi, ojú ẹ̀ ń dán, gbogbo èèyàn ń yìn ín, mi ò mọ̀ rárá pé òjé, ìyẹn irin tí wọ́n ń pè ní lead lédè Gẹ̀ẹ́sì, ló wà nínú òkúta dúdú tí wọ́n lọ̀ yẹn. Lọ́dún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ jòjòló kan wò tí ìdílé ẹ̀ wá láti Nàìjíríà, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀, ìgbà tí wọ́n wá yẹ tìróò tí wọ́n ń lé fún un wò, 82.6% ẹ̀ ló jẹ́ òjé! Tìróò tí wọ́n rà nílé níbí ni o.

Ohun tí òjé ń ṣe ni pé ó máa ń fara jọ kálísíọ̀mù, ara ò sì dá a mọ̀ yàtọ̀, torí ẹ̀ ibi tó yẹ kí kálísíọ̀mù ti ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, òjé á lọ jókòó síbẹ̀. Èyí tó bá wọ ẹnu ọmọdé, ara ẹ̀ lè fà á mu ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà. Ara ọmọ lè má gbóná rárá, ó lè má wúkọ́, ó kàn lè máa gbàgbé nǹkan, kó má lè jókòó sójú kan, kó máa rẹ̀yìn nílé ìwé, àwa á wá máa pè é lólódo, a tún máa nà án. Èyí tó ti bà jẹ́ nínú ọpọlọ kì í sábà padà. Àwọn àgbà tó ní wọ́n ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tó máa bọ́ ọ, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló bá mu. Àjọ ìlera àgbáyé náà sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí wọ́n mọ̀ pé kò léwu.

Torí náà, ẹ kó tìróò kúrò lójú ọmọ lónìí. Ẹ má gba ẹni tó ń tà á gbọ́ tó bá ní tòun ò ní òjé, ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ ìyá ọkọ yín ló ń lé e, ẹ má bá wọn jà, ẹ kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ sọ pé "Mà, ẹ jọ̀ọ́ mà, dókítà ló ní ká má lé e mọ́, ó ń wọ ọpọlọ ọmọ." Màmá tèmi bínú díẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo ṣàlàyé fún wọn, àwọn fúnra wọn ló kó o dà nù.

Èyí tó kàn ni aṣọ iṣẹ́ bàbá. Ẹni tó ń ṣe bátìrì ọkọ̀, mẹkáníìkì, ẹni tó ń kun ilé, ẹni tó ń ra irin àlòkù, apẹja tó ń yọ́ òjé sídìí àwọ̀n, eruku yẹn ń bá wọn wọlé. Kí wọ́n bọ́ aṣọ àti bàtà síta, kí wọ́n wẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọmọ, kẹ́ ẹ fọ aṣọ iṣẹ́ lọ́tọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì yọ́ òjé tàbí tú bátìrì nínú àgbàlá tí ọmọdé ti ń ṣeré. Ní Zamfara lọ́dún 2010, àwọn èèyàn kó òkúta góòlù tó ní òjé wálé láti lọ̀, eruku ẹ̀ pa ọmọdé tó lé ní irinwó, ọ̀pọ̀ tó ṣẹ́ kù ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ọ̀dà àtijọ́ tó ń ṣí lára ògiri àti fèrèsé, ẹ má ha á ní gbígbẹ, ẹ fi omi rin ín kọ́kọ́, ẹ gbé ọmọ kúrò níbẹ̀. Ilẹ̀ náà, ẹ fi aṣọ tútù nù ún dípò kẹ́ ẹ kàn máa fi ìgbálẹ̀ ti eruku kiri.

Ìkòkò tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń yọ́ láti ara irin àlòkù lè ní òjé nínú, ẹ má fi ọbẹ̀ tòmátò sùn mọ́jú nínú ẹ̀, kíkan ẹ̀ máa ń fa òjé jáde.

Ẹ fọ ọwọ́ ọmọ kó tó jẹun, ní gbogbo ìgbà. Kẹ́ ẹ sì fún un ní ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́, mílíìkì, torí ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ẹ̀ tàbí tí kálísíọ̀mù ò tó ló máa ń fa òjé mu jù.

Ẹ̀jẹ̀ nìkan la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ sí ọsibítù ńlá, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n wo òjé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, torí àyẹ̀wò ibà ò lè gbé e jáde. Tí èsì bá tó 5 µg/dL (bí wọ́n ṣe ń kọ ìwọ̀n òjé inú ẹ̀jẹ̀ sórí èsì nìyẹn) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má lọ ra àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ibi tí òjé ti ń wọlé ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ dí i pa, dókítà ló máa sọ bóyá oògùn yẹ. Kẹ́ ẹ sì kó àwọn ẹ̀gbọ́n àtàbúrò ẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò náà, ilé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé.