Bí mo ṣe ṣètò backup fún ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Agbowó

Project àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn (UI) ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo iṣẹ́ wọn wà, nínú fólídà D:\Ise: nǹkan bíi 180 GB, iṣẹ́ tuntun tó ń wọlé lójúmọ́ ò sì ju 2 GB lọ. Iye méjèèjì yìí ni mo kọ́kọ́ wò, torí òun ló ń sọ irú backup (ẹ̀dà iṣẹ́ tí a fi pamọ́ lọ́tọ̀) tó bá ibẹ̀ mu.

Full backup máa ń da gbogbo fáìlì kọ. Incremental máa ń da ohun tó yí padà láti ìgbà backup tó kẹ́yìn nìkan, 2 GB lóòjọ́. Differential ní tiẹ̀ máa ń da gbogbo ohun tó ti yí padà láti ìgbà full: Ajé 2 GB, Ìṣẹ́gun 4 GB, títí dé 12 GB lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Torí pé incremental ló kéré jù, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú. Èmi ò mú un, nítorí ọ̀rọ̀ iná. Tí wọ́n bá múná lọ nígbà tó ń dà á kọ lọ́jọ́rú, tí ẹ̀dà náà sì bàjẹ́, iṣẹ́ Ọjọ́rú ti lọ nìyẹn, torí ti Ọjọ́bọ̀ ò ní tún un gbé. Differential Ọjọ́bọ̀ á gbé e padà.

Hard disk alágbèéká méjì tó jẹ́ 1 TB la lò. NTFS ni mo fi ṣe format wọn, ìyẹn ìlànà tí dísìkì ń gbà to fáìlì. FAT32, tó jẹ́ ìlànà mìíràn, kì í gba fáìlì tó bá tó 4 GB. Ojú USB 3.0 ni kí ẹ ti kì í bọ̀ ọ́. Lórí USB 2.0, 180 GB lè gbà ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ pa Word àti gbogbo ètò tó bá ṣí sílẹ̀, kí ẹ wá tẹ èyí sínú Command Prompt, ibi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún Windows (robocopy ni àṣẹ tó ń da fáìlì kọ, E: sì ni dísìkì alágbèéká náà):

robocopy D:\Ise E:\Full /E /R:2 /W:5
attrib -A D:\Ise\* /S

Ẹ má yọ /R àti /W kúrò. Tí wọn ò bá sí níbẹ̀, robocopy lè gbìyànjú fáìlì kan tí kò ṣeé kà nígbà mílíọ̀nù kan, kó sì máa dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 láàárín ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ìlà kejì ló ń pa àmì archive rẹ́. Windows máa ń fi àmì yìí sára fáìlì tó bá jẹ́ tuntun tàbí tó bá yí padà, nítorí náà èyíkéyìí tó bá tún ní in lẹ́yìn èyí, ó ti yí padà láti ìgbà full nìyẹn.

Lálaalẹ́:

robocopy D:\Ise E:\Aje /E /A /R:2 /W:5

Ẹ máa fi orúkọ ọjọ́ pààrọ̀ Aje. /A máa ń fi àmì náà sílẹ̀ bó ṣe wà; tí ẹ bá kọ /M dípò ẹ̀, á pa á rẹ́, incremental lẹ ṣe yẹn.

Bí ó bá ti parí, ẹ yọ dísìkì náà. Kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa kó lè gbowó (ransomware) kò ní dá èyí tó wà lára kọ̀ǹpútà sí. Ọ̀sẹ̀ kan ni a ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń sinmi wà nílé màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù, a ò sì ń nu nǹkan orí ẹ̀ kúrò àfi tó bá tún kàn án. Ẹni tó wà n'Ìbàdàn lóṣù kẹjọ ọdún 2011 mọ ohun tí omíyalé lè fi ṣọ́ọ̀bù ṣe. Google Drive ọ̀fẹ́ ò kọjá 15 GB, nítorí náà iṣẹ́ tó ṣì wà lọ́wọ́ nìkan ni mo ní kí wọ́n máa fi síbẹ̀. Kò lè rọ́pò dísìkì o: fáìlì tí ẹ bá parẹ́ nínú fólídà tó so mọ́ ọn á parẹ́ lọ́hùn-ún náà.

Láti gbé e padà, mo ṣí fólídà D:\Danwo, mo da Full sínú ẹ̀, mo wá da differential tó kẹ́yìn lé e. Ẹ má kọ́kọ́ da differential ṣáájú Full, torí fáìlì àtijọ́ á bo tuntun mọ́lẹ̀. Àwọn fáìlì tí wọ́n ti parẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ máa padà yọjú. Kò séwu níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí project mélòó kan, mo yẹ àwòrán àti table inú wọn wò.

Lálaalẹ́, kí wọ́n tó yọ dísìkì, ibi tí mo ní kí wọ́n máa wò ni òpó FAILED nísàlẹ̀ èsì robocopy. Tí kò bá ti jẹ́ 0, kí wọ́n wá fáìlì tó kọ̀, kí wọ́n pa ètò tó dì í mú, kí wọ́n sì tún àṣẹ náà tẹ̀.