Bí a ṣe pààrọ̀ gbogbo ọ̀nà omi BMW 330i mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

BMW 330i ni ọkọ̀ tí mò ń wà, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní E46. Ẹ́ńjìnì lítà mẹ́ta ni, sílíńdà mẹ́fà tó tò tẹ̀lé ara wọn, agbára ẹṣin 231. Ọdún 2000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Tèmi jẹ́ ti 2002. Ẹni tó bá ti tẹ irú rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú títì tó dán láti Ṣàkẹ́tẹ́ lọ sí Pọ́bẹ̀ á mọ ìdí tí mi ò fi gbà láti tà á. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ̀ pé owó tó máa kà fún ẹni tó tà á kọ́ ni owó ọkọ̀ náà.

Irin inú ẹ́ńjìnì yìí le dáadáa. Ike àti rọ́bà tó yí i ká ni ọjọ́ ogbó ń mú. Táńkì tí omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù ń dúró sí, ike ni. Ẹnu rédíétọ̀ tí páìpù òkè ń wọ̀, ike ni. Ilé tẹ́mọ́sítáàtì, ìyẹn ẹnu-ọ̀nà tó ń ṣí fún omi bó bá ti gbóná tó, ike ni. Àwọn páàmù omi kan tilẹ̀ wà tí abẹ̀bẹ̀ inú wọn jẹ́ ike. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì là, omi á lọ, ooru á sì mú orí ẹ́ńjìnì tó jẹ́ alumíníọ̀mù. Orí yẹn kì í fara da ooru rárá: ó lè tẹ̀, ó lè là, okùn ihò tí àwọn bóòtì orí ń wọ̀ nínú búlọ́ọ̀kù sì lè fà yọ. Tó bá ti débẹ̀, ẹ máa wá ẹ́ńjìnì mìíràn ni.

Ohun tó burú jù ni abẹ́rẹ́ ìgbóná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù. Láti nǹkan bíi 75°C dé nǹkan bíi 115°C, àárín gbùngbùn ló máa ń dúró sí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ìgbà tí ẹ bá fi máa rí i pé ó ń gòkè, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Nítorí náà mi ò wò ó mọ́. Mo tẹ bọ́tìnì kékeré apá òsì lójú aago mọ́lẹ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́ sí ipò kìíní, TEST 01, ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú àyẹ̀wò tó fara pamọ́ níbẹ̀, sì jáde. Ojú ìwé yẹn ló ń fi nọ́ńbà márùn-ún tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ hàn. Mo ro wọ́n pọ̀, mo lọ sí TEST 19, mo dúró títí nọ́ńbà tó ń kà lọ fi dé àròpọ̀ yẹn, mo sì tẹ bọ́tìnì, àwọn ojú ìwé yòókù sì ṣí. TEST 7 ló wá ń sọ ìgbóná omi gan-an. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Wàǹdó, ó ka 112. Abẹ́rẹ́ náà kò mira rárá.

Ẹ̀gbọ́n tó ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe, ọmọ Kétu ni, gáréèjì rẹ̀ wà létí ọ̀nà Àjárá. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn kan ti gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yọ tẹ́mọ́sítáàtì dànù, kí n máa da omi lásán sí i. Ìyẹn ni wọ́n ń ṣe sí gbogbo ọkọ̀ níhìn-ín, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná. Mo sọ ọ́ fún un, ó rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, bí a bá yọ ọ́, epo ni wàá fi san án."

Òótọ́ ló sọ. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń darí tẹ́mọ́sítáàtì yìí, 97°C ló sì ń ṣí. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnì kì í gbóná tó bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpútà á máa fi epo púpọ̀ sí i, iná ẹ́ńjìnì á sì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ tọ́ ibi tí táńkì ike ti pàdé ara rẹ̀. Ohun funfun kan ti gan mọ́ ojú ìlà náà, àmì omi tó ń jò díẹ̀díẹ̀ tí ooru sì ń gbẹ. Ó wá fi àtàǹpàkò tẹ ẹnu rédíétọ̀. Ó rún bíi kúlíkúlí. Látìgbà yẹn ni a ti gbà pé ohun gbogbo ni a ó pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ọjọ́ orí kan náà ni gbogbo wọn, iṣẹ́ títú wọn sì jẹ́ iṣẹ́ kan náà.

Ẹnì kan ní òun lè bá mi gba tòkunbọ̀ láti ọjà Ládípọ̀ ní Èkó gba ẹnubodè Ìgólò wọlé. Tòkunbọ̀ dára fún ilẹ̀kùn, ó dára fún iná, ó dára fún irin. Ike tó ti wà lára ọkọ̀ ẹlòmíràn fún ogún ọdún kò sàn ju tèmi lọ. Tuntun ni mo rà ní Kútọnu: rédíétọ̀ 85.000 sẹ́fà, páàmù omi alábẹ̀bẹ̀ irin 45.000, páìpù òkè àti ti ìsàlẹ̀ 40.000, tẹ́mọ́sítáàtì 38.000, bẹ́líìtì àti pọ́lì tó ń fà á le 35.000, táńkì 28.000, ògidì omi ìtutù ẹ́ńjìnì (coolant) aláwọ̀ búlúù 20.000. Ẹ̀gbọ́n gba 40.000 fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 331.000. Owó gidi ni, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí orí ẹ́ńjìnì bá lọ, owó yìí kò ní tó ìdajì ohun tí mo máa ná.

Nọ́ọ̀tì fáànù ló dá iṣẹ́ dúró. Mílímítà 32 ni, ó sì yàtọ̀ sí nọ́ọ̀tì yòókù: apá ọ̀tún ni ẹ ó yí i sí kí ó tó tú. Ọmọ iṣẹ́ kan ti ń lọ́ ọ sí òsì kí ẹ̀gbọ́n tó pariwo mọ́ ọn. Páàmù omi náà gan mọ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n kò lù ú. Bóòtì M6 méjì ló fi sí ihò tó wà ní etí rẹ̀, ó ń lọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí páàmù fi ti ara rẹ̀ jáde.

Dída omi sí i ló gba sùúrù jù. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnì rárá. Ẹ gbé imú ọkọ̀ sókè díẹ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ipò kejì, ẹ fi híìtà sí gbígbóná pátápátá pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó kéré jù, ẹ tú sukúrúù afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ táńkì. Ìdajì ògidì, ìdajì omi tí kò ní iyọ̀. Kì í ṣe omi kànga. Ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀ títí omi tó ń jáde níbẹ̀ kò fi ní ìfófòó mọ́, kí ẹ tó dí i. Ó gbà ju lítà mẹ́jọ lọ. Nígbà tí mo tún dé Wàǹdó, TEST 7 ka 98, kò sì kọjá ibẹ̀.

Bí a ti wà nídìí rẹ̀, a rí àwọn yòókù. Gásíkẹ́ẹ̀tì ilé fílítà ọ́ìlì ń jò sórí ọ́túnétọ̀, ti ìdérí tó bo orí ẹ́ńjìnì náà ń kán sórí páìpù èéfín, òórùn ọ́ìlì jíjó tí mò ń gbọ́ nínú ọkọ̀ nìyẹn. A pààrọ̀ méjèèjì; gásíkẹ́ẹ̀tì kò wọ́n, àkókò ló jẹ. Rọ́bà ara apá irin (control arm) tó di táyà iwájú mú ló ń mú kí ìdarí máa gbọ̀n bí mo bá ń tẹ bíréèkì, 30.000 ni méjèèjì. Gíláàsì ẹ̀yìn kan ti bọ́ sínú ilẹ̀kùn, ike kékeré kan ló ṣẹ́. Mo ti fi igi gbé e ró.

Ohun tó kù ni abẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn. Páànù tí fírémù ẹ̀yìn so mọ́ a máa là lára E46, àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ló sì burú jù. Ẹ̀gbọ́n wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha ìdọ̀tí kúrò, ó sì rí ìlà tín-ínrín kan ní apá òsì. A ní láti jó páànù tó nípọn mọ́ ọn kó tó gbòòrò. Wẹ́dà kan ní Tọ̀kpọ́tá ní 120.000. Mo ní 80.000. Ó ti wálẹ̀ dé 105.000, a ò tíì fẹnu kò.