Ẹ Gbé Máákà Yẹn Sílẹ̀: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Tí Òbí àti Ọmọ Bá Ń Ṣe Ẹ̀bùn Ọdún fún Olùkọ́

Bí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ báyìí, àwọn òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpò wá bá mi. Nínú àpò ọ̀hún, ẹ ó bá gọ́ọ̀mù oríṣi mẹ́ta, ríbọ́ọ̀nù tí kò lóǹkà, ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní, àti ìyẹ̀fun dídán tí wọ́n ń pè ní glitter tó ti tú sí ìsàlẹ̀. Wọ́n á wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí la lè fi ìwọ̀nyí ṣe fún tíṣà?" Ẹ ti náwó tán kẹ́ ẹ tó mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe! Iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọdé ni mo fi ń jẹun, ọ̀dà kì í tán ní èékánná mi, kódà lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nítorí náà kì í ṣe pé mo kórìíra ká ra nǹkan. Owó tó ń ṣègbé ló ń dùn mí.

1. Ríra nǹkan kẹ́ ẹ tó yan ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ yan ohun kan ṣoṣo. Ẹ ka àwọn tó yẹ kó gba ẹ̀bùn, ẹ má gbàgbé igbákejì olùkọ́ àti ẹni tó ń bá àwọn ọmọ jókòó nínú ọkọ̀. Ẹ ṣe ẹyọ kan wò, kẹ́ ẹ tó lọ ra ìyókù.

2. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìsinmi lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n ń lò nílé ìwé lè gbẹ lójú láàárín wákàtí kan, àmọ́ ó tó nǹkan bíi wákàtí 24 kó tó di nǹkan mú gírígírí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹ̀ fi ń já bọ́ sínú àpò ìwé ọmọ.

3. Yíyọ́ ìda àbẹ́là pẹ̀lú ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin. Rárá o. Ìda gbígbóná kì í ṣàn kúrò lára, ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ awọ. Gọ́ọ̀mù gbígbóná náà, ọwọ́ àgbà ni kó wà.

4. Ife tí wọ́n fi máákà yàwòrán sí. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Lọ́dọọdún ni ẹnì kan máa ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n ra ife funfun, kí ọmọ fi máákà tí wọ́n ní kì í parẹ́ yàwòrán sí i, kí wọ́n gbé e sínú ófùn, ó parí. Kò parí o! Ohun tó ń dán lára ife tánganran yẹn, bíi gíláàsì ló rí, kò ní ihò tí tàdáwà lè gbà wọlé. Tàdáwà máákà kàn jókòó sórí ẹ̀ ni. Ẹ báà yan án títí ilẹ̀ á fi mọ́, tí kànìnkànìn àti ọṣẹ bá ti kàn án lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó lọ nìyẹn. Olùkọ́ kan fi tiẹ̀ hàn mí. Ọmọ ya olùkọ́ náà sí ara ife, pẹ̀lú irun rẹ̀ àti gíláàsì ojú rẹ̀, ó kọ "Ẹ ṣeun" sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo rí i, orí ti lọ, gíláàsì ti lọ, ó ku ẹsẹ̀ méjì àti "Ẹ ṣ". Ó ṣì ń fi mu tíì. Ó ní òun ò lè jù ú nù, àmọ́ kíá lòun máa ń gbé e pamọ́ tí ọmọ náà bá ń bọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ife dandan, ọ̀dà tí wọ́n dìídì ṣe fún tánganran ni kó rà, kó sì ka ohun tó wà lára ìgò rẹ̀, torí oníkálukú ló ní òfin tirẹ̀. Ti iléeṣẹ́ Pébéo tó ń jẹ́ Porcelaine 150, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24, kẹ́ ẹ wá yan án ní 150°C fún ìṣẹ́jú 35. Ìgbà tí ófùn bá dé 150 yẹn gan-an lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú, kì í ṣe ìgbà tí ẹ tan án. Inú ófùn tútù ni kẹ́ ẹ gbé ife sí, kí àwọn méjèèjì jọ gbóná, kí wọ́n sì jọ tutù; ife tútù tó bá ko ooru lójijì lè sán. Kẹ́ ẹ tó fún ọmọ ní búrọ́ọ̀ṣì, ẹ fi sípírítì nu ara ife dáadáa, torí ọ̀rá ìka ọwọ́ lásán lè mú kí ọ̀dà ṣí. Ọ̀dà ò gbọ́dọ̀ wọ inú ife, kò sì gbọ́dọ̀ dé etí ibi tí ẹnu ń kàn. Èmi máa ń fi téèpù yí etí rẹ̀ po ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2, torí ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta ò mọ ohun tó ń jẹ́ ààlà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ pé acrylic, ọ̀dà olómi tí àwọn ọmọ fi ń kun nǹkan, ńkọ́: lára ife, bíbó ló máa bó. Kíkun gọ́ọ̀mù lé e lórí ò sì gbà á là. Tí gbogbo èyí bá ti sú yín, ẹ fi ife sílẹ̀! Ẹ ra ìkòkò amọ̀ kékeré tí kò dán. Amọ̀ máa ń fa acrylic mu, olùkọ́ á máa ki bírò sínú ẹ̀ lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó máa fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Owó rẹ̀ ò tó ti ife, kò sì nílò ófùn.

Ìyẹ̀fun àti iyọ̀ tí wọ́n fi ń gba àmì àtẹ́lẹwọ́ ọmọ. Ife ìyẹ̀fun 2, ife iyọ̀ 1, omi díẹ̀díẹ̀ tí kò ní ju ife 1 lọ. Ìkánjú ló ń ba ti ibí yìí jẹ́. Wọ́n á tan ófùn dé 180°C bí ẹni tó fẹ́ yan kéèkì, àtẹ́lẹwọ́ á wú, á wá sán wẹ́kẹwẹ̀kẹ. 100°C sí 120°C ti tó, fún wákàtí 2 sí 3, kẹ́ ẹ sì máa yí i padà. Ẹ lu ihò okùn kó tó wọ ófùn, kì í ṣe lẹ́yìn ìgbà tó ti le. Iyọ̀ máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹ kun fáníìṣì sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á rọ̀. Àmọ́ tí ẹ bá kùn ún nígbà tí inú rẹ̀ ò tíì gbẹ, á hùkasì. Ẹ sọ fún olùkọ́ tó bá lájá pé kó gbé e kọ́ sókè, torí iyọ̀ inú rẹ̀ lè pa ajá tó bá jẹ ẹ́.

Glitter: mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Títún iṣẹ́ ọmọ ṣe lóru. Mo mọ̀ yín! Ọmọ ti sùn, ẹ wá gbé búrọ́ọ̀ṣì, ẹ ní ẹ kàn fẹ́ tún un fọwọ́ bà díẹ̀. Nígbà tílẹ̀ máa mọ́, oòrùn tó ní igun méje lánàá ti di róbótó. Olùkọ́ tó ń rí ìwé ọmọ yìí lójoojúmọ́ mọ ọwọ́ rẹ̀. Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á dúpẹ́, á sì mọ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè: ti pẹpẹ ni tiyín, ìyẹn ófùn, abẹ́, sípírítì àti ríbọ́ọ̀nù síso. Ẹ yọwọ́ kúrò nínú kèrègbè.

Bọ́rọ̀ káàdì ṣe rí náà nìyẹn. Ọmọ kan sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó bá òun kọ ọ́ pé, "Mo fẹ́ràn yín torí ẹ máa ń bá mi so okùn bàtà, ẹ kì í pariwo." Ojú mi ló ṣe. Ohun tí màmá wá kọ ni, "A dúpẹ́ fún akitiyan àti ìfarajìn yín." Lẹ́tà ìfẹ̀yìntì! Mo ní kí wọ́n fa ìwé náà ya, kí wọ́n kọ ti okùn bàtà. Inú màmá ò dùn sí mi.

Kíkó iṣẹ́ odindi jọ sọ́jọ́ kan tún wà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 sí 15, ọmọ kékeré ti fẹ́ dìde. Ẹ jẹ́ kó lọ. Ọ̀dà lónìí, káàdì lọ́la.

Ohun jíjẹ àti ohun ìpara ni wọ́n máa ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú jù. Ṣúgà ìfọwọ́, ìyẹn ṣúgà tí wọ́n pò mọ́ òróró láti fi ha ọwọ́ kó dán: ṣúgà ìwọ̀n 2, òróró ìwọ̀n 1, omi kankan ò gbọ́dọ̀ kàn án, omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà ò gbọ́dọ̀ kàn án, torí ibi tómi bá ti wọ̀ ló ti ń bu. Òróró tí wọ́n ki aáyù tútù sí nínú ìgò rẹwà lójú lóòótọ́, àmọ́ kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ Clostridium botulinum fẹ́ràn ibi tí atẹ́gùn ò sí, bí inú òróró, májèlé rẹ̀ kì í sì í rùn, kì í yí àwọ̀ òróró padà. Ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ bísíkítì ni, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ara olùkọ́ ò gbà, pàápàá ẹ̀pà, kẹ́ ẹ sì kọ gbogbo èròjà àti déètì sára ìdì. Àwọn ilé ìwé kan ò fẹ́ oúnjẹ tí wọ́n sè nílé rárá, àwọn mìíràn sì ní iye tí ẹ̀bùn ò gbọ́dọ̀ jù. Ìbéèrè ò náni ní kọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ ìfúnni, ẹ má ki ẹ̀bùn bọ inú àpò ìwé pẹ̀lú ìgò omi. Ẹ gbé e dání dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, kẹ́ ẹ tó gbé e fún ọmọ. Kẹ́ ẹ sì máa ṣe ẹyọ kan lé o, torí ọmọ míì á dé iwájú olùkọ́, á gbá ẹ̀bùn mọ́ àyà, á ní tòun ni, òun ò fún ẹnikẹ́ni mọ́.