Bí A Ṣe Ń Gbin Ewédú Sínú Àpò ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Àárín Ìlú
Ní àdúgbò bíi Múṣín ní Èkó, níbi tí sìmẹ́ńtì ti bo ọ̀pọ̀ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, àpò ìrẹsì tó ti ṣófo lè di oko fún àwọn ọmọ. Ẹ dá ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè máa jò, kí ẹ sì po ilẹ̀dú pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa, nítorí pé èyí tó bá ṣì tutù yóò jó gbòǹgbò. Èèpo irúgbìn ewédú le, kì í jẹ́ kó tètè hù. Nítorí náà, kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ dì í sínú aṣọ, kó rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú àáyá 5 péré, kó sì sá a gbẹ kí àwọn ọmọ tó fọ́n ọn. Ẹ máa bomi rin ín láràárọ̀. Àkókò tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wà ní ìsinmi gan-an ni ìṣòro, lójú tèmi. Ẹ tètè bá òbí tó ń gbé nítòsí ṣàdéhùn pé kó máa bá yín bomi rin ín nígbà náà.