Bí a ṣe ń so hẹ́dísẹ́ẹ̀tì mọ́ fóònù orí tábìlì ní ọ́fíìsì

Ẹni tó bá ń jókòó ti fóònù ọ́fíìsì láti àárọ̀ dalẹ́ mọ bí ọrùn ṣe ń roni. Èèyàn á fi èjìká há ọwọ́ fóònù mọ́ etí, á máa fi ọwọ́ kan kọ̀wé, á máa fi èkejì wá fáìlì. Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ló ń gbani lọ́wọ́ ìyà yìí, síso rẹ̀ kò sì le. Àwọn ihò ara fóònù tó jọra ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rú.

Ẹ kọ́kọ́ yí fóònù dà kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ihò tó fẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n sábà máa ń kọ LINE sí, ni ti wáyà tó lọ sára ògiri. Àwọn tó kéré sí i ni ti ọwọ́ fóònù àti ti hẹ́dísẹ́ẹ̀tì, àwòrán kékeré á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ ṣọ́ra o: orí wáyà hẹ́dísẹ́ẹ̀tì lè wọ ihò LINE, yóò kàn máa mì níbẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ kọ́ ni àyè rẹ̀. Ìlà tó wá láti iléeṣẹ́ fóònù máa ń gbé iná bíi fóltì 48. Iná yìí ló ń jẹ́ kí fóònù àtijọ́ ṣiṣẹ́ nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Ṣùgbọ́n tí ìlà yín bá gba inú PABX ọ́fíìsì kọjá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín ìlà fún àwọn fóònù ọ́fíìsì, àfi kí PABX náà wà lórí invẹ́tà.

Ẹ so wáyà ògiri àti ọwọ́ fóònù, kí ẹ gbé e sétí. Tí ẹ bá gbọ́ ohùn dúúù, ìlà ti dé. Bí kò bá dún, ẹ má tíì fọwọ́ kan hẹ́dísẹ́ẹ̀tì, ẹ pe ẹnjiníà. Ìlà PABX mìíràn kì í gba fóònù téèyàn kàn rà lọ́jà. Tí fóònù yín bá ní bọ́tìnnì T (tone) àti P (pulse), T ni kí ẹ fi sí, torí pé tí ẹ̀rọ tó gbé ìpè bá ní “tẹ 1, tẹ 2,” kì í ṣiṣẹ́ lórí P.

Ó wá kan hẹ́dísẹ́ẹ̀tì. Ẹ dín ohùn rẹ̀ kù, kí ẹ ki orí wáyà rẹ̀ bọ ihò tó ní àwòrán rẹ̀ títí yóò fi ró kẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì hẹ́dísẹ́ẹ̀tì, dúúù yẹn yóò dún sí yín létí. Bí fóònù yín kò bá ní ihò yìí, ẹ yọ wáyà ọwọ́ fóònù lára fóònù, kí ẹ fi ti hẹ́dísẹ́ẹ̀tì dípò rẹ̀. Nígbà náà, ẹ ó máa gbé ọwọ́ fóònù kúrò lórí fóònù láti dáhùn ìpè, ẹ ó sì dá a padà síbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bá parí. Ẹni tó bá gbàgbé, gbogbo ayé ni yóò máa gbọ́ pé ìlà rẹ̀ ò ráàyè.

Ẹ lè máa gbọ́ wọn kí wọ́n má gbọ́ yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dá hẹ́dísẹ́ẹ̀tì padà fún ẹni tó tà á fún mi, mo ní ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Wáyà mẹ́rin ló wà nínú orí kékeré yẹn, àwọn tó ń ṣe fóònù kì í sì í tò wọ́n bákan náà. Ọ̀pọ̀ hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ló ní bọ́tìnnì tó ń sún lára wáyà, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Ẹ pe ẹnì kan nínú ọ́fíìsì, ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń sún un, títí yóò fi ní “mo ti ń gbọ́ yín.”

Ẹ fi máìkì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kó jìnnà tó ìka méjì. Tó bá kọjú sí ẹnu tààrà, fúù èémí yín nìkan ni wọn yóò máa gbọ́.

Láti gbé ìpè fún ẹlòmíràn, ẹ tẹ Transfer tàbí Flash, ẹ tẹ nọ́ńbà ọ́fíìsì rẹ̀, ẹ sọ ẹni tó ń pè fún un, kí ẹ tó gbé tiyín sílẹ̀. Ní ọ́fíìsì púpọ̀, 9 tàbí 0 ló ń ṣíwájú nọ́ńbà ìta. Ẹ bèèrè bóyá ó kan 112 ti pàjáwìrì náà, kó tó di ọjọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀.

Kí ẹ tó dìde, ẹ bọ́ ọ lórí. Mo ti fa fóònù ṣubú láti orí tábìlì rí, lójú àlejò.