Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ di disáínà àga àti tábìlì l'Ákùúrẹ́, ẹ má ṣe báyìí o

Àṣìṣe tó bí gbogbo èyí tó kù ni pé inú fóònù lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ rí àga kan lórí Pinterest, ẹ yà á sórí kọ̀ǹpútà, ó ń dán gbinrin, ẹ wá gbé e lọ bá káfíńtà lójú Oǹdó Road pé kó ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Káfíńtà á ní "ó máa ṣe é ṣe, ọ̀gá", torí ta ló fẹ́ kíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun? Ìgbà tẹ́ ẹ bá padà débẹ̀, ẹsẹ̀ àga tẹ́ ẹ yà ní tín-ín-rín ti di òpó. Ẹ má bínú sí i, ó mọ̀ pé igi tó wà nílẹ̀ ò lè gbé èèyàn ní tín-ín-rín yẹn, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí sọ́míìlì jàre. Ìpínlẹ̀ Oǹdó la wà, a ò ní máa wá igi lọ Jámánì. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, àmọ́ kòkòrò máa ń tètè wọ̀ ọ́, ìrókò ní tiẹ̀ le, ikán ò sì fẹ́ràn ẹ̀. Kódà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka Industrial Design ní FUTA, ẹ lọ jókòó ti àwọn tó ń la gedú.

Èyí tó ń dùn mí jù ni igi tútù. Wọ́n la pákó lọ́sẹ̀ yìí nínú òjò, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ó ti di tábìlì, gbogbo ẹ̀ rèé tó ń dán, nígbà tí ọyẹ́ bá dé ojú tábìlì á là, orígun á ṣí. Bí omi bá ṣe ń gbẹ kúrò lára igi ló ṣe máa ń sún kì, ìbú ẹ̀ ló sì máa ń dín kù, gígùn ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Fún nǹkan tó máa wà nínú ilé, pàápàá ilé tó ní ẹ́síì, ohun táwọn onígi ń fẹ́ ni kí omi inú ẹ̀ wà láàrin 8 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ to pákó sábẹ́ ibòji, kẹ́ ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ la àárín wọn kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ de ojú tábìlì mọ́ férémù, ẹ má lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ jẹ́ kí ihò síkúrúù gùn díẹ̀ kí igi lè ráyè mí.

Ìwọ̀n ńkọ́? Ìjókòó àga ìjẹun máa ń tó 45 sẹ̀ǹtímítà, tábìlì ẹ̀ 75. Tẹ́ ẹ bá ṣi èyí, tábìlì á wà lágbọ̀n oníbàárà. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ẹ wọn ilẹ̀kùn àti àtẹ̀gùn ilé kẹ́ ẹ tó ṣe sófà gígùn. Michael Thonet, aṣàga kan nílẹ̀ Yúróòpù, ti ronú kan nǹkan báyìí láti 1859, àga ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní No. 14 jẹ́ igi 6 péré pẹ̀lú síkúrúù àti nọ́ọ̀tì, wọ́n lè tú 36 nínú ẹ̀ sínú àpótí kan tó jẹ́ mítà 1 níbùú lóròó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi bọ́ọ̀sì gbẹ́rù lọ sí Èkó, ṣé ẹ ń gbọ́?

Ẹ tún yéé sọ pé torí a ò ní ẹ̀rọ bíi ti òyìnbó ni. Nifemi Marcus-Bello, disáínà kan l'Ékòó, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irin tí wọ́n fi ń bo jẹnẹrétọ̀ ló gbà lọ, ohun tí ẹ̀rọ wọn lè tẹ̀ ló fi ya àpótí ìjókòó onírin tó ń jẹ́ LM Stool. Wẹ́dà tó ń ṣe géètì pọ̀ l'Ákùúrẹ́, ẹ lọ wo nǹkan tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó: ẹ kọ ọjọ́ tí iye tẹ́ ẹ pè máa parí sára ìwé, torí owó pákó kì í dúró. Tí oníbàárà bá ní "ẹ kàn fi ránṣẹ́ kí n wò ó ná", kò burú, ẹ fi àwòrán ránṣẹ́, àmọ́ ẹ yọ gbogbo ìwọ̀n kúrò lára ẹ̀ títí owó àsansílẹ̀ á fi wọlé.