Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ tọ́ńsìlì ọmọ yín ní Ìlú Ọba

Bí ẹ bá rò pé ọmọ yín máa sùn sí ọsibítù fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ yọ ìyẹn kúrò lọ́kàn. Níbí, wọ́n lè yọ tọ́ńsìlì, ìyẹn ẹran kékeré méjì tó wà lẹ́yìn ọ̀nà ọ̀fun tí àwọn kan nínú wa ń pè ní bélúbélú, láàárọ̀, kí wọ́n sì ní kí ẹ máa gbé ọmọ lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tó kan tiwa, nọ́ọ̀sì dúró títí ọmọ fi jẹ búrẹ́dì yíyan kan tán, tó mu omi, tó sì tọ̀. Ló bá na ìwé kan sí wa, ó ní ó dàbọ̀. Ìyá ọmọ wo ojú mi, èmi náà wo ojú rẹ̀.

Ẹ má tíì dìde. Ẹ bi nọ́ọ̀sì ní aago tí wọ́n fún ọmọ ní paracetamol àti ibuprofen, àwọn oògùn ìrora, kẹ́yìn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀, torí aago yẹn ni ẹ máa fi ka ìgbà tí ẹ máa fún un ní òmíràn nílé. Ẹ gba nọ́ńbà wọ́ọ̀dù. Bí èdè òyìnbó àwọn oníṣègùn kò bá yé yín dáadáa, ẹ ti sọ fún wọn ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé ẹ fẹ́ ògbufọ̀ Yorùbá. NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba níbí, kì í gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ má fi ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ṣe ògbufọ̀ o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹ kó máa túmọ̀.

Oògùn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ibẹ̀ náà sì ni a ti ṣe àṣìṣe. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ sùn fọnfọn. A ní ta ló máa jí i torí oògùn? A fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó jí, kò lè gbé itọ́ mì. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ sórí ìrọ̀rí, ó di ẹnu pinpin, kò sì gbà kí ṣíbí oògùn kàn án. Wákàtí mẹ́ta gbáko la fi ń bẹ̀ ẹ́. Látìgbà yẹn, aago la ń wò, a kì í dúró de ẹkún. Bí aago oògùn bá tó lóru, ẹ rọra gbé e jókòó, kó gbé e mì, kó padà sùn. Tí ó bá sì di nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn oògùn, ẹ gbé oúnjẹ wá, torí ìgbà yẹn ni ọ̀fun máa ń rọ̀ ọ́ jù.

Ẹ wo ara ìgò dáadáa. Oríṣi méjì ni paracetamol olómi ti ọmọdé tó wọ́pọ̀ níbí: ọ̀kan ní miligíráàmù 120 nínú mílílítà 5, èkejì ní 250. Ṣíbí kan náà ni, ṣùgbọ́n agbára ìkejì ju ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lọ. Paracetamol kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24, kí wákàtí mẹ́rin sì wà láàárín wọn, ó kéré tán. Ti ibuprofen, ẹ tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé yín, kí ẹ sì sọ fún wọn bí ọmọ bá ní asthma. Aspirin kò sí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Codeine, oògùn ìrora tó lágbára, ńkọ́? Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, torí ó lè mú kí èémí ọmọ dínkù lójú oorun. Bí ìyókù ti àgbàlagbà kan bá wà nílé, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ìyá ọmọ ń ṣiṣẹ́ òwúrọ̀, èmi ń ṣe ti òru. A lẹ bébà kan mọ́ ara fíríìjì: bírò pupa fún paracetamol, búlúù fún ibuprofen, aago níwájú rẹ̀. Bébà yẹn ni kò jẹ́ ká fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Oúnjẹ: kó jẹ ohun tó máa ń jẹ, kó sì jẹ ẹ́ lẹ́nu. Àwọn kan máa ń ní áísìkrìmù nìkan ni. Rárá o. Ìjẹlẹ́nu ló ń mú kí iṣan ọ̀fun ṣiṣẹ́, kó má le gbagidi. Omi ṣe pàtàkì ju oúnjẹ lọ: díẹ̀díẹ̀, léraléra. Omi ọsàn máa ta á, ẹ fi sílẹ̀ ná.

Àwọn nǹkan kan máa dẹ́rù bà yín, tí kì í ṣe ewu. Ibi tí wọ́n ti yọ tọ́ńsìlì máa funfun tàbí kó pọ́n bí ìyeyè. Èépá ni, kì í ṣe ọyún. Ẹ má ha á. Ẹnu máa rùn. Etí á máa dùn ún, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan létí, torí iṣan ìmọ̀lára kan náà ló lọ sí ọ̀fun àti etí. Ìrora sì lè le sí i ní ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún dípò kó dínkù.

Ẹ̀jẹ̀ ni kò ní àwíjàre. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ pupa lẹ́nu rẹ̀, ì báà jẹ́ díẹ̀, A&E (ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù) lẹ ń lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ń ṣàn, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ má dúró de GP, dókítà àdúgbò yín. Nọ́ńbà 111 ti NHS wà fún ìbéèrè mìíràn, bí ibà tí kò lọ tàbí ọmọ tí kò mu omi, tí kò sì tọ̀ mọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, kí ọmọ jókòó, kó tẹ̀ síwájú, kó máa tu ẹ̀jẹ̀ dànù. Ẹ má fún un lóúnjẹ, torí wọ́n lè gbé e padà sí tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ léwu, lẹ́yìn náà ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá, nígbà tí èépá bá ń ṣí. Ọmọ tó ń sùn tó sì ń gbé nǹkan mì léraléra, ẹ tan iná, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni kó fi wà nílé: kò gbọ́dọ̀ lọ síléèwé, kò gbọ́dọ̀ wọ inú èrò, kò sì gbọ́dọ̀ gba bọ́ọ̀lù. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú sí àsìkò yẹn. Ẹ pe iléèwé láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi ẹ̀dà lẹ́tà ọsibítù ránṣẹ́. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ kí ọjọ́ náà tó dé, torí ìsinmi pàjáwìrì tí òfin fún òbí kò ní owó oṣù nínú, àfi bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ san án.

Ìhanrun ló gbé tiwa dé ọsibítù. Kò lọ lọ́jọ́ kan, torí ọ̀fun ṣì wú. Lóru ọjọ́ kẹtàlá, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo wọlé lọ fọwọ́ lé e láyà. Ó ń mí.